Ẹ ti jó sí iṣẹ́ ọmọ BLO, ẹ ò kàn mọ̀ ni

Létí òkun Ẹlẹ́kọ níbí, DJ kan fi Ace ti Shina Peters sí i lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, gbogbo ọmọdé ibẹ̀ dìde. Mo bi wọ́n pé ta ni pírodúsà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó dùn mí díẹ̀.

Láolú Akins ni. Onílù róòkì ni tẹ́lẹ̀. Òun àti Berkley Jones, onígìtá, ti bá Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream láti Ìlú Ọba, ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Mike Gbénga Odùmósù, tó ń ta gìtá béèsì, ló dá BLO sílẹ̀ l'Ékòó ní 1972. Berkley, Láolú, Odùmósù: ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

Chapter One, tó jáde ní 1973, ni kẹ́ ẹ ti earpiece bọ etí gbọ́. Gìtá ń ké, ìlù ń tì í lẹ́yìn, wọn ò kánjú rárá. Àmọ́ ọjà yí padà. Disco dé, BLO náà bá a lọ. Nígbà tó fi máa di 1982, ó ti tán. Mi ò bá wọn wí o, ebi ò mọ róòkì.

Ọdún méje lẹ́yìn náà ni Ace jáde. Ní 2001, iléeṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó orin BLO jọ sínú Phases 1972–1982. Ẹ wá a lórí fóònù yín lálẹ́ yìí.