Ilá, Obì, Kòkó àti Àràbà: Ọmọ Ilé Kan Náà Ni Wọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko náà a máa wo ilé kí wọ́n tó sọ igi lórúkọ. Ọ̀kan wà nínú àwọn ilé náà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti ń rí ọbẹ̀ sè, inú rẹ̀ ni a ti ń rí aṣọ wọ̀, inú rẹ̀ náà ni a ti ń mú obì tí a fi ń tọrọ aya. Malvaceae ni orúkọ tí wọ́n sọ ilé yìí. Irú ewéko tí ó wà nínú rẹ̀ ju 4,000 lọ, ilẹ̀ olóoru ni wọ́n sì pọ̀ sí jù.

Ní Àkùngbá Àkókó, kò sí ìdí láti rìn jìnnà kí a tó rí wọn. Àárín àwọn òkè olókùúta ni ìlú yìí wà, níbi tí igbó kìjikìji ti ń parí lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ń gbé, mo máa ń rí ebè ilá àti ti ewédú. Bí mo bá kọjú sí ọ̀nà Ọ̀kà, kòkó àti obì ni mo ń bá pàdé nínú oko. Bí mo bá sì dé ọjà Ìkàrẹ́, mo lè ra ìṣápá, mo sì lè ra lúrú, èyí tí í ṣe ewé igi oṣè gbígbẹ. Gbogbo wọn pátá, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n.

Kí ni a fi mọ̀ wọ́n? Àmì kìíní ni yíyọ̀. Ilá ń yọ̀, ewédú ń yọ̀, ọbẹ̀ lúrú náà ń yọ̀. Bí a bá la èèpo èso kòkó tútù, omi yíyọ̀ ni yóò jáde níbẹ̀. Àmì kejì wà nínú èèpo igi wọn, èyí tí ó le bí okùn. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣẹ́ igi ewédú tí ó ti gbó yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ní Íńdíà àti Bangladesh, èèpo ewédú àti ti ìbátan rẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣe òwú tí wọ́n fi ń hun àpò. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni a ń di kòkó sí kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ara ilé ń gbé ara ilé rìn nìyẹn.

Àmì kẹta wà lára òdòdó. Ẹ wo òdòdó ilá ní òwúrọ̀: ewé rẹ̀ márùn-ún ni, wọ́n pọ́n bí ẹyin adìẹ, ìdí wọn sì pupa dúdú. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ó gbé ìyẹ̀fun akọ dúró kò dá wà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so pọ̀ di ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó yí apá abo ká. Bí ẹ bá wo òdòdó òwú, ti ìṣápá, tàbí ti hibiscus tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ẹ̀kọ́ ká, ọ̀pá yìí náà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni òdòdó ilá ń lò láyé; kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti rọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé kọ́ ni ó jọra. Òdòdó kòkó kéré púpọ̀, ara ìtì igi gan-an ni ó sì ti ń yọ. Àwọn kòkòrò tíntìntín bíi kantíkantí ni ó ń bá a gbé ìyẹ̀fun kiri, nínú 100 òdòdó kì í sì í sábà ju márùn-ún lọ tí yóò di èso. Òdòdó obì kò tilẹ̀ ní ewé òdòdó rárá. Ìdèpo tí ó máa ń bo òdòdó kí ó tó là ni ohun tí ojú wa ń rí. Òru ni òdòdó àràbà àti ti oṣè ń là, àdán ni àlejò wọn. Òwú àràbà pàápàá yàtọ̀ sí òwú tí a fi ń hun aṣọ: ara kóró ni ti òwú gidi ti ń hù, ara ògiri inú èso ni ti àràbà ti ń hù.

Nítorí ìyàtọ̀ wọ̀nyí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ ìgbà kan fi wọ́n sí: ilá àti òwú ní ilé kan, àràbà àti oṣè ní ilé kejì, obì àti kòkó ní ilé kẹta, ewédú ní ilé kẹrin. Nígbà tí ó di òpin ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n lè yẹ ohun àjogúnbá inú ewéko wò, wọ́n rí i pé orírun kan náà ni gbogbo wọn ní. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣètò orúkọ ewéko kó ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni èyí kan àgbẹ̀? Ó kàn án gan-an ni. Àràbà ni bàbá. Ẹni a bá lábà ni baba. Kí kòkó tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ wa lẹ́yìn ọdún 1870, àràbà ti wà nínú igbó. Àlejò tí ó dé yìí kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìbátan ni òun dé sí, kò sì mọ̀ pé àìsàn kan wà nínú ilé. Ní ọdún 1936, wọ́n ṣàkíyèsí àrùn kan ní Gánà tí ó ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú, tí ó sì lè pa igi náà láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n rí i ní agbègbè Ìbàdàn pẹ̀lú. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn náà. Àwọn igi ìbílẹ̀ bíi àràbà àti oṣè lè gbé e sára láìkú. Kòkòrò kékeré tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni fi ìyẹ̀fun pa ni ó ń gbé e bọ́ sára kòkó. Kò sí oògùn rẹ̀. Gígé ni wọ́n ń gé igi tí ó bá ti mú, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi kòkó ni ó sì ti bá a lọ ní Gánà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbin kòkó tuntun níyànjú pé kí ó fi irúgbìn tí kì í ṣe ìbátan kòkó, bíi ọsàn, kọfí tàbí ọ̀pẹ, la àárín oko tuntun àti oko tí àrùn ti wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn láti ọdún 1964, kòkó àti obì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé náà ní ẹ̀kọ́ kọ́. Kòkòrò tí ń tọ pọ́ńpọ́n, tí ń dá ihò sí ewé ilá lára, ń jẹ ìṣápá pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbin ilá sórí ebè kan lọ́dún yìí, ẹ má ṣe fi ìṣápá tàbí ewédú rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn, kí kòkòrò tí ó bá dúró de ara ilé má baà rí oúnjẹ jẹ.