Àpótí Irinṣẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Yíyí fún Ìsọ̀ Inú Ilé: Orúkọ, Ìwọ̀n àti Yíyàn Rẹ̀ ní Ìbàdàn

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà méjì ni òwe yìí gbà bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò mu. Èkíní, ó yẹ kí a mọ ibi tí nǹkan yóò wà àti iṣẹ́ tí yóò máa ṣe níbẹ̀ kí a tó fún un ní orúkọ Yorùbá. Èkejì, ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra nǹkan náà kọ́kọ́ wo ilé tirẹ̀ kí ó tó náwó. Nǹkan tí à ń wí ni àpótí onírin tí ó ní dúrọ́ọ̀ púpọ̀, tí a ń kó irinṣẹ́ sí, tí ó sì ní ẹsẹ̀ tí ń yí nílẹ̀ kí a lè máa tì í láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ní àwọn àdúgbò tuntun Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí ẹni tí irú àpótí yìí yóò wúlò fún. Ní Bódìjà, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kọ́ ilé sí ní ìparí àwọn ọdún 1950, ilé púpọ̀ ni ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ilé kékeré lẹ́yìnkùlé tí onílé lè sọ di ìsọ̀. Ní Agbowó, tí ó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, yàrá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń háyà. Ẹni tí ó bá ń tún rédíò tàbí fáànù ṣe níbẹ̀ kò ní àyè jù ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ní Ring Road àti Challenge ẹ̀wẹ̀, a óò rí mẹkáníìkì tí ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọgbà ilé nígbà tí ó bá ti ìsọ̀ dé.

Àpótí tí irinṣẹ́ kún inú rẹ̀ lè wúwo ju àgbàlagbà méjì lọ. Bí ó bá wó, ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ tàbí ti ọmọ inú ilé ni ó sábà máa ń wó lé. Orí burúkú kọ́ ni ó ń fa èyí. Ìṣirò ni, a sì lè fi Yorùbá ṣe ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ilé ẹ̀kọ́ ni ìsọ̀ jẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí kò bá yé e níbẹ̀ lè ṣe é léṣe.

2. Orúkọ

Àpótí irinṣẹ́ kì í ṣe àjèjì. Káfíńtà ti ń gbé àpótí onígi tirẹ̀ ká ìlú ọjọ́ ti pẹ́: ayùn, òòlù, ìfági àti ìṣó ni ó ń kó sínú rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni dúrọ́ọ̀ lórí dúrọ́ọ̀ àti ẹsẹ̀ tí ń yí. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí irú àpótí yìí ti gbilẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ń tún ọkọ̀ ṣe ni ó sábà máa ń fi owó ara rẹ̀ ra irinṣẹ́, tí yóò sì kó o lọ bí ó bá pààrọ̀ ibi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ bíi Snap-on, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1920, ń ta irinṣẹ́ àti àpótí fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àpótí ọ̀hún fi ní ẹsẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́.

Báwo ni a ó ṣe pe ẹsẹ̀ náà? Bí a bá ní “àpótí oníkẹ̀kẹ́”, ọkàn ará Ìbàdàn yóò lọ sí kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Bí a bá ní “àpótí onítáyà”, yóò rò pé a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ti ń pe ohun tí mọ́tò fi ń rìn ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni a gbé “ẹsẹ̀-yíyí” kà. Oríṣi méjì ni ẹsẹ̀-yíyí: èyí tí ó lè yí ojú rẹ̀ sí ibi gbogbo ni “ẹsẹ̀ oníyìípo”, èyí tí ó ń kọjú sí iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni “ẹsẹ̀ ọ̀kánkán”. Ohun tí a ń tẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yí mọ́ ni “ìjánu”, ọ̀rọ̀ tí a ti yá lára ẹṣin fún ọkọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti dúrọ́ọ̀, kò sí ìdí láti wá orúkọ mìíràn fún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu káfíńtà àti onílé. Irin tóóró méjì tí dúrọ́ọ̀ ń gbà wọlé tí ó ń gbà jáde ni a lè pè ní “ojú irin dúrọ́ọ̀”, nítorí bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń tọ ọ̀nà tirẹ̀ láìyà ni dúrọ́ọ̀ ṣe ń tọ èyí.

3. Ẹsẹ̀ àti ẹrù tí ó ń gbé

Ká ní àpótí kan wà tí ara rẹ̀ wọn 60 kg, tí ó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́rin, tí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irinṣẹ́ inú rẹ̀ sì wọn 25 kg, èyí tí í ṣe ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 160 kg, ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò pín in sí mẹ́rin, yóò sì ra ẹsẹ̀ tí ó lè gbé 40 kg lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe ni. Ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ kì í sábà dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sí ibi tí ó jìn díẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò gbé gbogbo ẹrù. Nítorí náà, mẹ́ta ni a ń fi pín in: 160 kg sí ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ 53 kg àti díẹ̀. Ẹsẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó 60 kg lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ni ó tọ́ sí irú àpótí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán.

Bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi tó ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá ní ìkọ̀sẹ̀ tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, tí ẹsẹ̀ kan sì ń gbé 40 kg, ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti etí kan dé èkejì yóò gba títì tí ó tó ìwúwo 53 kg kí ó tó gun ìkọ̀sẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.5 kò ní gbà ju 26 kg lọ. Ìdajì agbára ni ẹsẹ̀ ńlá ń fi pa mọ́ fún ẹni tí ń ti àpótí. Bí ilẹ̀ ìsọ̀ bá ń dán bíi tẹ́ráásò, ẹsẹ̀ kékeré lè tó. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì tí ó ti ń ṣí, ẹsẹ̀ ńlá ni kí a wá.

Ẹsẹ̀ oníyìípo méjì àti ẹsẹ̀ ọ̀kánkán méjì ni ó dára jù. Apá ibi tí a ń dì mú láti fi tì í ni kí àwọn oníyìípo wà, kí àwọn náà sì ní ìjánu. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ oníyìípo, àpótí tí ó wúwo yóò máa yà sọ́tùn-ún sósì bí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀.

4. Ohun tí ń mú àpótí wó

Ìlà tí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì wà ni àpótí yóò gbà bí ó bá fẹ́ wó síwájú. Ìwúwo tí ó wà lẹ́yìn ìlà yìí ń dì í mú. Ìwúwo tí ó ti kọjá rẹ̀ síwájú ń bì í wó. Bí a bá sọ ìwúwo náà di púpọ̀ lọ́nà iye sẹ̀ǹtímítà tí ó fi jìnnà sí ìlà, a óò rí ohun méjì tí a lè pè ní “ipá-ìdìmú” àti “ipá-ìbìwó”. Èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú wọn ni ó ń borí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpótí wa. Ká ní àárín-gbùngbùn ìwúwo ara àpótí àti ti dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 22 lẹ́yìn ìlà náà nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà ní pípadé. Bí a bá fa dúrọ́ọ̀ kan jáde ní sẹ̀ǹtímítà 40, àárín-gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ yóò bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 18 níwájú ìlà. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

Dúrọ́ọ̀ kan ní ṣíṣí: ipá-ìbìwó 450, ipá-ìdìmú 2,970.
Dúrọ́ọ̀ méjì: ipá-ìbìwó 900, ipá-ìdìmú 2,420.
Dúrọ́ọ̀ mẹ́ta: ipá-ìbìwó 1,350, ipá-ìdìmú 1,870.
Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin: ipá-ìbìwó 1,800, ipá-ìdìmú 1,320.

Ní ṣíṣí ẹ̀kẹrin, àpótí wó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó léwu jù, nítorí ó ń tan ènìyàn jẹ. Àpótí dúró, ọkàn oníṣẹ́ sì balẹ̀. Bí ó bá wá fi ọwọ́ ti etí dúrọ́ọ̀ tí ó ṣí láti fi bẹ̀rẹ̀, tí ìtìlẹ́yìn náà kò sì ju 15 kg lọ, etí náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 38 níwájú ìlà: 15 lọ́nà 38 jẹ́ 570. Bí a bá rò ó pọ̀ mọ́ 1,350, yóò di 1,920, èyí tí ó ju 1,870 lọ. Ìwúwo ọmọ kékeré tí ó gun etí dúrọ́ọ̀ láti wo ohun tí ń bẹ lókè tó láti ṣe é.

Nítorí èyí ni àwọn àpótí kan ṣe ní ìdènà tí kì í jẹ́ kí dúrọ́ọ̀ kejì ṣí bí èkíní bá wà ní ṣíṣí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àpótí fún ilé tí ọmọdé wà, ìdènà yìí ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè kí ó tó bèèrè àwọ̀ ọ̀dà. Bí kò bá sí i, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó máa ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kí irinṣẹ́ tí ó wúwo, bí òòlù ńlá àti sípánà ńláńlá, sì wà nísàlẹ̀; nítorí bí ẹsẹ̀ bá kọ nígbà tí a ń ti àpótí lọ, èyí tí ìwúwo rẹ̀ wà lókè ni ó ń tètè dojú dé.

5. Irin àti ìpẹtà

Nọ́ńbà ni àwọn oníṣòwò fi ń pe ìnípọn irin pẹlẹbẹ, nọ́ńbà náà sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí bí ó ti ń pọ̀ ni irin ń fẹ́lẹ́. Irin nọ́ńbà 18 nípọn tó mìlímítà 1.2, nọ́ńbà 20 tó 0.9, nọ́ńbà 22 kò ju 0.76 lọ. Ohun tí ó dára ni pé kí Yorùbá máa fi mìlímítà sọ ìnípọn, kí òye má baà dojú rú. Fún ara àpótí tí à ń wí, 0.9 kò burú, 1.2 ni ó yẹ ìsàlẹ̀ ibi tí a de ẹsẹ̀ mọ́.

Omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń pawọ́ pọ̀ sọ irin di ìpẹtà. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 lọ, ìpẹtà a máa yára. Ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀, àyàfi ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Àkókò ọyẹ́ nìkan ni irin ń sinmi. Nítorí náà, ọ̀dà tí a yan mọ́ irin nínú iná sàn ju èyí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lọ. Kí a nu irinṣẹ́ gbẹ, kí a fi epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á lára, kí a má sì gbé àpótí ti ògiri tí òjò ń rin. Kí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tí ó kẹ́yìn jìnnà sílẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú: ìlú tí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣẹlẹ̀ sí, tí àgbàrá tún ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, mọ ohun tí omi lè ṣe nínú ilé.

6. Wíwo ilé kí a tó rà á

Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà, kí ó wọn ibi tí àpótí yóò wà, kí ó sì fi gígùn dúrọ́ọ̀ tí ó ṣí àti àyè ìdúró ènìyàn kún un. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Agbowó, àpótí tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45 yóò gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 85 bí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ bá ṣí. Àwọn ayálégbé yòókù kò ní rí ọ̀nà kọjá. Bí àtẹ̀gùn bá wà láàárín ìsọ̀ àti ibi tí a ń tì í mọ́ lálẹ́, ẹsẹ̀-yíyí kò wúlò níbẹ̀. Àpótí kékeré méjì tí a lè fi ọwọ́ gbé sàn ju ńlá kan lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí ó mọ iye tí ó wọn. Kí ó fa dúrọ́ọ̀ àpótí náà yọ tán lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ojú irin rẹ̀ ní bíárìn yóò yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ẹrù. Èyí tí irin ń ha irin yóò máa há. Kí ó rí i pé kọ́kọ́rọ́ kan ń ti gbogbo dúrọ́ọ̀ pa, nítorí olè nìkan kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà fún: àpótí tí a ń tì lọ láìti dúrọ́ọ̀ rẹ̀ lè ṣí fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí owó kò bá tó èyí tí a kó wọ̀lú, ajórin tí ó mọṣẹ́ lè ṣe òmíràn, bí a bá fún un ní ìwọ̀n, ìnípọn irin àti agbára ẹsẹ̀ tí a ti ṣírò. Níhìn-ín gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wúlò: ajórin àti ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀

Ẹsẹ̀-yíyí: ẹsẹ̀ kékeré tí a fi ń ti ẹrù lórí ilẹ̀.
Ẹsẹ̀ oníyìípo: èyí tí ojú rẹ̀ lè yí sí ibi gbogbo.
Ẹsẹ̀ ọ̀kánkán: èyí tí kò lè yà.
Ojú irin dúrọ́ọ̀: irin tóóró tí dúrọ́ọ̀ ń tọ̀ wọlé, tí ó ń tọ̀ jáde.
Àárín-gbùngbùn ìwúwo: ojú kan tí a lè kà sí ibi tí gbogbo ìwúwo nǹkan kó jọ sí.
Ipá-ìdìmú: ìwúwo ẹ̀yìn ìlà ẹsẹ̀ lọ́nà jíjìnnà rẹ̀ sí ìlà náà.
Ipá-ìbìwó: ìwúwo iwájú ìlà ẹsẹ̀ lọ́nà jíjìnnà rẹ̀ sí ìlà náà.
Ìnípọn: bí irin pẹlẹbẹ ṣe ki tó, ní mìlímítà.

Bí ọmọ iṣẹ́ bá mọ ìtumọ̀ méjì tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn, kò ní ṣí dúrọ́ọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́, ọ̀gá rẹ̀ kì báà sí nílé.