Ìperí fún Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Eré Olówó Pọ́ọ́kú àti fún Ìmúgbòòrò Rẹ̀

Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti mú kí iṣẹ́ olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ rọrùn púpọ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kò sí lára ohun tí a gbé lé àwọn olóòtú wọ̀nyí lọ́wọ́. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń to kọ̀ǹpútà pọ̀ ní láti yan ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tàbí kí ó yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ irú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wò, èyí ni kọ̀ǹpútà tí ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò fún eré tí wọ́n ń pè ní géèmù, tí ó sì fẹ́ kí ó ṣeé mú gbòòrò lọ́jọ́ iwájú. Ìdí tí a fi yan èyí ni pé kò sí ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ náà tí kò ní yan fúnra rẹ̀, bí ìperí tí a fún un bá sì ṣì í lọ́nà, owó rẹ̀ ni yóò ṣòfò.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìmúgbòòrò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀-èdè a máa lo “ìgbéga”. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí a fi sí ipò tí ó ga ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ. “Àtúnṣe” kò tọ̀nà rárá, nítorí pé ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Ohun tí ẹni tí ń to ẹ̀rọ ní lọ́kàn súnmọ́ ohun tí aránṣọ ń ṣe nígbà tí ó bá ń rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà: a máa fi ìṣẹ́tí ńlá sílẹ̀, kí wọ́n lè tú u nígbà tí ọmọ bá ga sí i. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé onípàkà kan ṣoṣo lórí ìpìlẹ̀ tí ó lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà mọ ohun tí à ń sọ. Nítorí náà “ìmúgbòòrò” ni a fara mọ́, a sì pe ohun tí a fi sílẹ̀ dè é ní “àyè ìmúgbòòrò”. Àyè yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá rà á lónìí ti san owó fún ohun tí kò tíì lò, èyí sì ni ó mú kí ó ṣe pàtàkì pé kí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti fi àyè sílẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè é. Àwọn kan ti dábàá “pátákó ìyá”, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ olówuuru ni èyí; ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè ọmọ tí pátákó náà bí. “Pátákó ìpìlẹ̀” sàn jù, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ní ti ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò, “ọpọlọ” ti wọ àwọn ènìyàn lára, a kò sì rí ìdí tí a ó fi gbà á lẹ́nu wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá tún máa ń fi ọpọlọ pe agbára láti rántí nǹkan. Ojú tí ọpọlọ yìí ń jókòó sí lórí pátákó ni a dábàá pé kí a pè ní “ìjókòó ọpọlọ”. Àwọn kan ń pè é ní “ihò”, a sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ihò kò fi tó.

Ilé-iṣẹ́ Intel lo ìjókòó kan tí ó ní ojú ìfarakanra 1151 fún ọpọlọ ìran kẹfà rẹ̀ ní 2015 àti fún ìran keje. Nígbà tí ìran kẹjọ dé sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní oṣù kẹwàá 2017, kò yí iye náà padà: 1151 ni ó ṣì jẹ́, síbẹ̀ pátákó àtijọ́ kò gba ọpọlọ tuntun. Ẹni tí a ti kọ́ pé ihò ni, yóò ka iye ojú rẹ̀, yóò rí i pé wọ́n dọ́gba, yóò sì san owó. Ìjókòó ju ihò lọ: àdéhùn ni láàárín ọpọlọ, pátákó àti ètò tí ń jí ẹ̀rọ. Nínú ọ̀rọ̀ bí “ìjókòó ọba” tàbí “ìjókòó alága”, Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìdí rẹ̀ bá gba àga ni ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ òdìkejì wá láti ọ̀dọ̀ AMD. Ìjókòó tí wọ́n pè ní AM4 jáde ní 2016, ọpọlọ tí ń jókòó sí i sì ní abẹ́rẹ́ 1331 ní abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ra pátákó B350 ní 2017 pẹ̀lú Ryzen 3 1200, tí a tà ní dọ́là 109 nígbà tí ó jáde, tí ó sì ní aṣiṣẹ́ 4 péré nínú, lè fi Ryzen 7 5800X3D tí ó jáde ní 2022 rọ́pò rẹ̀ lórí pátákó kan náà, bí ẹni tí ó ṣe pátákó náà bá ti pèsè ètò tí ó yẹ. Aṣiṣẹ́ 8 ni ti èyí. A kò gbọdọ̀ rò pé ó ṣẹlẹ̀ láìsí ìjà o. Ní oṣù karùn-ún 2020, AMD kéde pé àwọn pátákó B450 àti X470 kò ní gba ìran ọpọlọ tí ń bọ̀. Àwọn oníbàárà figbe ta, ilé-iṣẹ́ náà sì yí ìpinnu rẹ̀ padà nínú oṣù kan náà. Àyè ìmúgbòòrò, nígbà náà, wà nínú irin, ó sì tún wà lẹ́nu ẹni tí ó ṣe irin.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù lọ ni “ìrántí”. Wọ́n ń fi í pe ibi tí iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ wà, tí yóò pòórá nígbà tí iná bá lọ, wọ́n sì tún ń fi í pe ibi tí à ń kó nǹkan pamọ́ sí fún ọjọ́ pípẹ́. Fún èkejì yìí, a ní ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ti ń lò: àká. Àgbẹ̀ kò jẹ́ ṣi àká mú fún igbá tí ó fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí “ìrántí” dúró fún ti àkọ́kọ́ nìkan. Fún eré òde òní, ìrántí gíígábáìtì 16 jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó bójú mu. Ó dára kí a rà á ní pẹlẹbẹ méjì onígíígábáìtì 8-8, kí ọpọlọ lè bá méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì yan pátákó tí ó ní ojú mẹ́rin, kí méjì lè ṣófo de ọjọ́ iwájú. Ìran kẹrin àti ìran karùn-ún ìrántí yìí ní ojú ìfarakanra 288 bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí a gé ní etí wọn yàtọ̀, wọn kò sì lè rọ́pò ara wọn. Ẹ̀kọ́ ti 1151 náà ni.

Káàdì tí ń ya ohun tí a ń wò lójú ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń gba owó jù nínú kọ̀ǹpútà eré. Bí eré bá ń lọ ní àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì yìí kò ní tó ìdá 50 ìṣẹ́jú àáyá láti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ “káàdì àwòrán” sílẹ̀, nítorí pé èyí tí à ń fi ránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì ni yóò wá sọ́kàn ènìyàn. “Káàdì ayàwòrán” fi hàn pé òun gan-an ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ó rọrùn láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí apínná bá lè gbé e.

Apínná ni a dábàá fún àpótí tí ń gba iná láti ara ògiri, tí ó sì ń pín in fún àwọn ẹ̀yà. Ojú tí káàdì ń jókòó sí kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ. Okùn olójú 6 láti ara apínná ń fi 75 kún un, olójú 8 ń fi 150 kún un. Ọpọlọ wáàtì 65 àti káàdì Radeon RX 6600 tí ó jẹ́ wáàtì 132 kò tó 200. Bí a bá wá fi 5800X3D oníwáàtì 105 àti káàdì oníwáàtì 200 rọ́pò wọn, ó di 305, láìka àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Apínná wáàtì 550 tí ó jẹ́ ojúlówó yóò gbé méjèèjì. Ẹni tí ó bá ra ayédèrú láti fi owó pamọ́, ní ibi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, fi gbogbo ẹ̀yà yòókù wewu.

Ó ku ètò kékeré tí ó wà lára pátákó, tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. “Ètò ìjí-ẹ̀rọ” ni a pè é, ìyípadà tí olùṣe pátákó ń ṣe sí i sì ni “ìsọdọ̀tun”, kí ó má baà dàrú mọ́ ìmúgbòòrò. Ìyàtọ̀ yìí ní ìlò gidi. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ pátákó, a gbọ́dọ̀ ṣe ìsọdọ̀tun nígbà tí ọpọlọ àtijọ́ ṣì wà lórí ìjókòó. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọ ọ́, tí ó fi tuntun sí i, yóò tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn títí yóò fi dá ti àtijọ́ padà sí ipò rẹ̀.