Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Àwọn Ọ̀dọ́ Lọ Sílé Onílé

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974, Kakuei Tanaka, olórí ìjọba Japan, ṣe ìbẹ̀wò sí Philippines, Thailand, Singapore, Malaysia àti Indonesia. Ojú rẹ̀ rí màbo. Ní Bangkok, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Ní Jakarta, àwọn èèyàn dáná sun mọ́tò tí wọ́n ṣe ní Japan, ẹlikópítà ni wọ́n sì fi gbé àlejò dé pápákọ̀ òfurufú. Ọjà Japan ti gba ìgboro wọn kan, bẹ́ẹ̀ ni ogbẹ́ Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì jinná.

Nínú ìbẹ̀wò yẹn kan náà ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí àwọn ọ̀dọ́ Japan àti ti orílẹ̀-èdè márààrún máa wọ ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, kó máa gbé wọn láti èbúté dé èbúté. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ti ṣí. SSEAYP ni àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ń pè é. Nígbà tó yá, Brunei, Vietnam, Laos, Myanmar àti Cambodia náà wọlé.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣa ọ̀dọ́ tirẹ̀, láti ọmọ ọdún 18 dé 30, olórí kan á sì bá wọn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìrìn àjò náà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 50. Nínú ọkọ̀, wọn kì í fi ọmọ ìlú kan náà sínú yàrá kan náà: ẹni mẹ́ta nínú yàrá, ìlú mẹ́ta. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Ìjíròrò wà lóòótọ́, ìtàgé náà wà, níbi tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, tí wọ́n ń jó. Ó dùn ún wò, àmọ́ ìmúra ọjọ́ ọdún nìyẹn. Nínú yàrá ni ọmọ Japan tí kò bá mùsùlùmí gbé rí ti máa mọ̀ pé aago ẹnìkan á dún fún ìrun àsùbáà, pé òun lè yíjú sí ògiri kóun máa bá oorun òun lọ. Bí èdè-àìyedè bá sì ṣẹlẹ̀, kò sílé tí ẹnikẹ́ni lè bínú lọ. Omi ló yí wọn ká. Wọ́n á yanjú rẹ̀ ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn.

Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, àwọn ìdílé á wá kó wọn lọ sílé fún bí ọjọ́ méjì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ wọn lórí ìtàgé. Nílé ará Malaysia tàbí Indonesia, ọwọ́ ọ̀tún ni kóo fi jẹun, òun náà ni kóo fi mú nǹkan fún àgbà. (Ọmọ tí ìyá Yorùbá bá tọ́ ò ní ṣìṣe níbẹ̀.) Nílé ará Japan, ìwẹ̀ ló máa ń da àlejò láàmú: ìta ọpọ́n ni wàá ti fọ ara rẹ mọ́ tónítóní, kóo tó wọnú omi gbígbóná lọ jókòó. Má sì dà á nù tóo bá jáde, torí omi yẹn kan náà ni bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ máa wọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Àwọn tó ti wọ ọkọ̀ náà rí ní ẹgbẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn lára wọn sì ti di onílé tó ń gbàlejò. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí, àwọn ọ̀dọ́ á ju ìwé pẹlẹbẹ gígùn aláwọ̀ oríṣiríṣi látorí ọkọ̀ sí èbúté. Onílé á di etí kan mú nísàlẹ̀, ọmọ á di èkejì mú lókè. Ọkọ̀ á rọra sún kúrò, ìwé á máa nà, títí á fi já.