Àwọ̀ Sányán Lára Ògiri

Ní òru ọjọ́ kẹta tí ìyá mi ti Ìsẹ́yìn wá máa gbé lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fọwọ́ pa ògiri. Mo sáré dìde. Àwọn ni. Wọ́n fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n ń táràrà wá ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ gílóòbù ń tàn lókè orí wọn. Ògiri funfun báláú, férémù ilẹ̀kùn funfun, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ funfun. Èmi ni mo ní kí wọ́n kun yàrá náà bẹ́ẹ̀ kí ìyá mi tó dé, torí mo gbà pé funfun ló mọ́ jù, òun náà ló sì máa ń jẹ́ kí yàrá kékeré fẹ̀ lójú.

Ó ń jẹ́ kó fẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹni ọgọ́rin ọdún kọ́ ni mo fi wò ó. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, dígí kékeré inú ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sì máa ṣe kùrukùru. Àwọ̀ méjì tó bá jọra á wá di ọ̀kan náà, ohun tó bá ń dán á sì máa ni wọ́n lára. Ìyá mi ti sọ ọ́ lọ́sàn-án, n ò kàn fetí sí i ni: "Ògiri yín yìí ń gún mi lójú." Gílọ́ọ̀sì ni mo fi kùn ún, kó lè ṣeé fi kànìnkànìn nù.

Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè pé àwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní kí n ṣí àpótí àwọn. Ìró sányán ni wọ́n fà yọ. Sányán kì í ṣe funfun, kì í ṣe pupa. Òwú tí kòkòrò kan nínú igbó ń ta ni wọ́n fi ń hun ún, àwọ̀ rẹ̀ dà bí yanrìn odò tí oòrùn ti yá gbẹ. "Irú èyí," ni wọ́n wí. "Èyí ò ní bá mi jà."

Mo gbé ìró náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Páálí àwọ̀ tí wọ́n nà sí mi, ojú kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ìṣáná lọ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í mú. Àwọ̀ tó tutù lára páálí á le koko bó bá gba ògiri mẹ́rin, torí ògiri kan ń ju àwọ̀ tirẹ̀ lu èkejì. Èyí tó bá wù yín jù, ẹ mú èyí tó fi díẹ̀ mọ́ jù ú lọ, ẹ má sì ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ra oríṣi mẹ́ta nínú ike kékeré, ẹmọ́ṣọ̀n tí kì í dán. Mo kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì sára ògiri tó kọjú sí fèrèsé àti èyí tí fèrèsé wà lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. N ò ka ti tútù sí, torí ẹmọ́ṣọ̀n máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i bó bá gbẹ. Ìwọ̀-oòrùn ni yàrá náà kọjú sí. Láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì débẹ̀, oríṣi kejì rí bí eérú, ó ń bani nínú jẹ́. Ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, oòrùn wọlé, oríṣi kẹta pọ́n bí ògì bàbà. Lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù funfun tó ń fà sí aró, gbogbo wọn ṣá. Mo yọ gílóòbù náà, mo fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà sí i, oríṣi àkọ́kọ́ sì padà di sányán. Òun la mú.

Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ó ga ní 10. Lítà 8 ẹmọ́ṣọ̀n tó dáa tó o lẹ́ẹ̀mejì: ike onílítà 4 méjì. Mo ní kí pẹ́ńtà da méjèèjì pọ̀, kó rò ó kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Pálọ̀ wa ló kọ́ mi. Ẹni tó kùn ún nígbà yẹn ń fojú díwọ̀n siténà sínú ọ̀dà funfun, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn. Ìgbà tó gbẹ la rí i pé ògiri ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kò bá àwọn yòókù mu. Ó ṣì ń dùn mí, torí owó tó bá a lọ kì í ṣe kékeré.

Ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ la kun ní dúdú bí aṣọ ẹtù. Àwọ̀ kan náà la fi fa ìlà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, kí ìyá mi lè rí ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé làwọn fi ń pa ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ títí á fi dúdú.

Fún gílọ́ọ̀sì ilẹ̀kùn, èyí tí kò ní òjé ni mo béèrè, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ tó ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan tí wọ́n sì ń ki ọwọ́ bẹnu. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti 1978 ni Amẹ́ríkà ti lé e kúrò nínú ọ̀dà ilé. Bí ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́, ẹ fomi rin ín kó má bàa kù, kí àwọn ọmọ sì wà níta.

Yàrá mi ni ìyá mi sùn fún alẹ́ mẹ́ta títí òórùn ọ̀dà fi lọ. Lálẹ́ kẹrin, wọ́n padà sí tiwọn. N ò sùn. Ní nǹkan bí aago 2, mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún, mo gbọ́ ìṣísẹ̀ wọn, ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.