Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Ń Fọ̀rọ̀ Wá Awáṣẹ́ Lẹ́nu Wò

Àwọn àgbà ló sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, ojú awáṣẹ́ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Wọn yóò fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun yóò jókòó síwájú kámẹ́rà fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fún un, wọn yóò sì wo fídíò náà nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ìdí tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi fẹ́ràn ètò yìí kò fara sin. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń du iṣẹ́ kan ṣoṣo, ta ni yóò ráyè jókòó ti gbogbo wọn? Ilé-iṣẹ́ HireVue, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah lọ́dún 2004, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò ńlá. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì ti ọ́fíìsì pa lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń lọ́ tìkọ̀ náà gbà á.

Wíwo fídíò kọ́ ló dá àríyànjiyàn tó le jù sílẹ̀, bí kò ṣe pé ẹ̀rọ ló ń fún ènìyàn ní máàkì. Ẹ̀rọ HireVue a máa wo bí ojú awáṣẹ́ ṣe ń yí padà, a sì máa fi ìyẹn kún ohun tó fi ń díwọ̀n rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá béèrè pé, ẹni tí àìsàn mú ojú rẹ̀ le ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ti yọ wíwo ojú kúrò, nítorí àǹfààní rẹ̀ kò tó ariwo tó ń fà.

Ìpínlẹ̀ Illinois ti ṣòfin tirẹ̀ ṣáájú. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2020, agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹ fídíò wò gbọ́dọ̀ sọ fún awáṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí awáṣẹ́ bá ní kí wọ́n pa fídíò òun rẹ́, wọn kò gbọ́dọ̀ ju 30 ọjọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wáṣẹ́ lọ́nà yìí, kó béèrè kó tó tan kámẹ́rà rẹ̀: ṣé ènìyàn ni yóò wò mí, àbí ẹ̀rọ? Ẹni tí kò mọ adájọ́ rẹ̀ kò lè mọ bí yóò ṣe ro ẹjọ́.