Àgékù Ankara Kì í Ṣe Òfò: Ẹ Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Parí Àwòrán Rẹ̀

 

Kò sí ìsọ̀ aláṣọ tí kò ní àgékù. Oníbàárà á ra yáàdì 5 nínú 6, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Bí ìnáwó aṣọ ẹbí bá ti kọjá, ta ló tún fẹ́ ra yáàdì kan? Ìsàlẹ̀ àpótí ló máa wà, owó wa á sì sùn síbẹ̀. Tó bá pẹ́, a ó tà á ní ọ̀pọ̀, tàbí ká fi nu àga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi nu àga. Yáàdì kan yẹn lè di odidi aṣọ ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó tuntun máa fi ìdùnnú rà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Àgékù ankara ló máa wà láàárín. Aṣọ aláwọ̀ kan, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, la ó fi ṣe etí rẹ̀ yí ká. Abẹ́rẹ́ àti òwú la ó wá fi fa àwòrán ankara náà jáde wọ inú etí yẹn, bí ẹni pé aṣọ náà kò tíì parí síbi tí sísọ́ọ̀sì gé e dé. Ẹ wo ankara olóróbótó tó dà bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Létí aṣọ, ìdajì róbótó ló máa ń kù. Ẹ fi òwú parí ìdajì kejì sára etí náà. Tó bá jẹ́ èyí tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò lára rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ẹyẹ kan tàbí méjì fò kọjá sórí aṣọ aláwọ̀ kan.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ti ń fi abẹ́rẹ́ yàwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ tún wo aṣọ eégún: àgékù oríṣiríṣi ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n sì fi aṣọ pupa tí wọ́n gé bí eyín ayùn ṣe etí rẹ̀. Ẹni tó bá wo etí yẹn kò ní rántí pé àgékù ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Yáàdì kan jẹ́ ínṣì 36, ìbú ankara sì tó ínṣì 46. Ẹ ra yáàdì 3 aṣọ aláwọ̀ kan tó fẹ̀ tó ínṣì 45. Ẹ gé etí méjì tó gùn ní ínṣì 76, àti méjì tó gùn ní 36. Kí gbogbo wọn fẹ̀ ní ínṣì 16. Ẹ kọ́kọ́ rán àwọn kúkúrú mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó rán àwọn gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí ojú rírán bá jẹ ìdajì ínṣì níbi gbogbo, ẹ ó ní ínṣì 65 sí 75, èyí tó bo bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 4½ sí 6. Tó bá jẹ́ ankara nìkan lẹ fẹ́ lò, yóò gbà ju yáàdì 4 lọ.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fọ aṣọ méjèèjì, kí ẹ sì lọ̀ wọ́n. Òmíràn máa ń ṣí àwọ̀, òmíràn máa ń sún kì. Ó sàn kó ṣe é lọ́wọ́ yín ju kó ṣe é lọ́wọ́ oníbàárà lọ.

Ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́ lé àwòrán náà, ẹ yà á, ẹ gé e, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká lórí etí aṣọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ ìsàlẹ̀, ẹ tẹ́ kúbúsù àtijọ́ tó mọ́ lé e, kí ẹ wá tẹ́ ti òkè. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú gígùn dè wọ́n pọ̀ kó má baà yẹ̀. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rírán, kí ẹ máa bọ̀ sí etí, kó má baà hunjọ. Àwọ̀ òwú kò gbọdọ̀ ṣàjèjì: inú ankara yẹn gan-an ni kí ẹ ti mú un, àwọ̀ méjì ti tó. Kí rírán náà kéré, kó sì ṣe déédéé.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ṣé a kì í jókòó sí ìsọ̀ nígbà tí ọjà bá dá? Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ fà á yọ. Oníbàárà tó bá rí i lọ́wọ́ yín á bi yín ní iye rẹ̀.

Ibi iye yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹlòmíràn á ka owó ankara, owó etí àti owó òwú, kò ní ka ọjọ́ tó fi rán an. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: aṣọ òkè, aṣọ ìsàlẹ̀, òwú, àti ọjọ́ iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe máa san án fún télọ̀. Ẹ tún sọ fún oníbàárà pé aṣọ méjì ló para pọ̀, kó fi ọwọ́ kàn án, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ inú rẹ̀ kò ní pè é ní àgékù mọ́.

Ẹ fi èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀, bí ìrọ̀rí kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjà á tà, ẹsẹ̀ á pé sí ìsọ̀ wa o.